Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń fi alùpùpù fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn

Ẹni tí ó bá so kẹ̀kẹ́ ẹrù onítáyà méjì mọ́ ìdí alùpùpù ńlá, tí ó kúrò ní Abẹ́òkúta tí ó sì dorí kọ Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, ọkọ̀ méjì ni ó ń wà lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ yà, èkejì kì í tẹ̀. Èkíní ní bíréèkì, èkejì kì í sábà ní. Ipa kan ṣoṣo ni táyà èkíní ń tọ̀, èkejì sì ń tọ ipa méjì mìíràn tí ẹni tí ó wà lórí àga kò lè rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ni ó ń wá láti inú gbígbàgbé ọkọ̀ kejì yẹn.

Èyí tí ó ṣáájú gbogbo wọn máa ń ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra bóòtù kan: àwọn èèyàn kì í ka ìwé ìlò alùpùpù wọn. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù ńlá tí à ń rí nílùú, ìwé náà kì í sì í sábà bá wọn dé. Bí wọ́n bá rí i kà, wọn yóò rí i pé Honda, tí ó ṣe Gold Wing, kìlọ̀ pé òun kò ṣe alùpùpù náà fún fífa kẹ̀kẹ́ ẹrù, àti pé Harley-Davidson kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀, nítorí pé táyà ẹ̀yìn lè ru ju agbára rẹ̀ lọ, bíréèkì lè má mú dáadáa mọ́, alùpùpù sì lè má dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣì ń fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọrùn ara òun ni òun gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba àwọn ará ibẹ̀ láyè láti ṣe é, ní kí kẹ̀kẹ́ náà àti ẹrù inú rẹ̀ má ṣe wúwo ju kílò 150 lọ, tàbí ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo alùpùpù, èyíkéyìí tí ó bá kéré jù nínú méjèèjì, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì kọjá mítà 1. Mo gbà pé ó yẹ kí àwa náà fi ìwọ̀n yìí ṣe òpin. Alùpùpù tí ó wúwo tó kílò 200 kò gbọ́dọ̀ fa ju nǹkan bí kílò 133 lọ, irin kẹ̀kẹ́ ẹrù fúnra rẹ̀ sì wà nínú kílò yẹn. Eré kìlómítà 97 ní wákàtí kan tí òfin ibẹ̀ fi ṣe òpin ní ọ̀nà márosẹ̀ ni n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sá lójú ọ̀nà tiwa.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan wẹ́dà. Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́, wọ́n lè ṣe geeti, wọ́n lè ṣe ọ̀nà àbáwọlé sí ilé ìfowópamọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ fún wọn ibi tí ẹ fẹ́ kí ìkọ́ tí a fi ń so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ alùpùpù wà, ibi tí ọwọ́ wọn bá tó ni wọn yóò jó o mọ́: mọ́dígáàdì, irin tí a ń gbé àpótí lé, tàbí apá irin tí táyà ẹ̀yìn dúró lé, èyí tí ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá kó sí kòtò. Ara férémù, ìyẹn egungun alùpùpù, gan-an ni ó yẹ kí ìkọ́ ti di mú, níbi tí ó ju ẹyọ kan lọ, pẹ̀lú bóòtù tí nọ́ọ̀tù rẹ̀ kò lè tú fúnra rẹ̀. Àṣìṣe mìíràn tí mo máa ń rí ni kí wọ́n gbé ìkọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n sì so ó mọ́ alùpùpù láìyí ohunkóhun padà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í tẹ̀. Alùpùpù ń tẹ̀, nítorí náà ojú ìkọ́ gbọ́dọ̀ lè yí pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá dúró gbọn-in. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ so méjèèjì pọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹnì kan jókòó lórí alùpùpù, kí ẹlòmíràn bá a dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àti sí òsì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí táyà kan lára kẹ̀kẹ́ ẹrù bá gbé sókè, tàbí tí irin bá ń gé irin, ìkọ́ yẹn kò dára fún ìrìn àjò. Ẹ má sì gbàgbé ṣéènì ààbò méjì tí a fi ń kọ́ ara wọn lábẹ́ ọ̀pá ìfà, ìyẹn irin gígùn tí ó ti iwájú kẹ̀kẹ́ ẹrù wá sí ìkọ́, kí ọ̀pá náà má baà balẹ̀ bí ìkọ́ bá já. Ṣéènì náà gbọ́dọ̀ gùn tó láti yà, kí ó má sì wọ́ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù dídì lè pa èèyàn. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n di ẹrù bí ó ṣe bá ààyè mu: èyí tí ó tóbi a wọlé ṣáájú, èyí tí ó wúwo a gba ibi tí ó ṣẹ́ kù, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀yìn pátápátá. Ìwúwo ẹrù gbọ́dọ̀ wà lókè ọ̀pá irin tí ó so táyà méjèèjì pọ̀, kí ó sì fì díẹ̀ sí iwájú, débi tí ọ̀pá ìfà yóò fi máa tẹ ìkọ́ alùpùpù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo kẹ̀kẹ́ náà. Bí kẹ̀kẹ́ àti ẹrù bá jẹ́ kílò 100, kílò 10 sí 15 ni ó yẹ kí ó bọ́ sórí ìkọ́. Kò nílò ẹ̀rọ kankan tí ó ṣòro. Ẹ mú ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara nílé, ẹ gbé bíríkì tàbí pákó lé e lórí títí yóò fi ga tó ibi tí ìkọ́ alùpùpù ga dé, ẹ gbé orí ọ̀pá ìfà lé e, kí ẹ ka iye tí ó bá fihàn, kí ẹ sì yọ ìwúwo bíríkì kúrò níbẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ sún ẹrù síwájú. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fà á sẹ́yìn, nítorí pé bí ìkọ́ bá ru jù, iwájú alùpùpù á fúyẹ́, ọwọ́ kò sì ní gbọ́ mọ́ dáadáa. Ìwúwo orí ìkọ́ yìí jẹ́ ara ohun tí alùpùpù fúnra rẹ̀ ń rù, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ìwúwo yín, ti ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn, àti ti àpótí ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tí ó bá ń kó àdìrẹ láti ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lọ tà ní ìlú mìíràn ní ohun kan sí i tí ó yẹ kí ó kíyè sí. Aṣọ gbígbẹ tí ó wọn kílò kan lórí ìwọ̀n lówùúrọ̀ kì í ṣe kílò kan mọ́ lẹ́yìn tí òjò bá ti wọ inú ìdì rẹ̀. Omi á ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ àti sẹ́yìn, ìwọ̀n tí ẹ ti fara balẹ̀ ṣe nílé á sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tàpólì tí a bò dáadáa, tí a sì fi okùn dè mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ ara ìwọ̀n ẹrù.

Bí ìwúwo bá wà lẹ́yìn, tí eré sì pọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìdí lórí àga ni ó ti máa ń kọ́kọ́ yé awakọ̀, kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn alùpùpù á máa rọra sún sí ọ̀tún, á sún sí òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ju ti ìṣáájú lọ. Afẹ́fẹ́ tí tírélà sìmẹ́ńtì bá fẹ́ sí èèyàn bí ó ti ń ré e kọjá ní agbègbè Ewékorò tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ohun tí ó burú jù, èyí tí ìbẹ̀rù ń sọ fún wọn láti ṣe, ìyẹn ni kí wọ́n fún bíréèkì pa lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí wọ́n máa fi ọwọ́ darí alùpùpù lòdì sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ń jù sí. Bíréèkì òjijì á mú kí kẹ̀kẹ́ ẹrù ti alùpùpù láti ẹ̀yìn, á sì ká a mọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan ní kí a fún un ní iná sí i kí ó lè nà tọ́. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn rárá, nítorí pé eré gan-an ni ó ń bọ́ ọ. Ẹ rọra dẹ tọ́tù, ìyẹn ọwọ́ tí a fi ń fún alùpùpù ní iná, ẹ di ọwọ́ alùpùpù mú tààrà láìgan, kí ẹ jẹ́ kí eré náà kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti rọlẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ lè dúró sí, kí ẹ tún ẹrù tò. Ẹni tí ó bá kàn dín eré kù tí ó sì ń lọ, yóò tún bá a pàdé níwájú.

Kòtò ni ó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń fi alùpùpù yọ láàárín kòtò méjì. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá fẹ̀ tó mítà kan, táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ipa alùpùpù tó nǹkan bí ìdajì mítà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kòtò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọgbọ́n yà fún ni táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù ń bọ̀ wá kó sí. Ẹ óò gbọ́ ‘gbì’ lẹ́yìn, ẹ kò ní rí nǹkankan, ẹ óò sì máa lọ títí rímù tí ó ti wọ́ yóò fi tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀. Ẹ máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Bí kò bá sí ibi tí gbogbo fífẹ̀ yín lè gbà, ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ibẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni ní kọ̀rọ̀: kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń gé kọ̀rọ̀ kúrú ju alùpùpù lọ, nítorí náà níbi tí àwọn agbófinró bá to táyà àti igi sí lójú pópó, ẹ ya àyàká tí ó fẹ̀, kí táyà ẹ̀gbẹ́ inú má baà gun ohun tí wọ́n tò.

Nípa bíréèkì, ẹ rántí pé agbára tí a gbọ́dọ̀ pa kí ọkọ̀ tó dúró ń pọ̀ ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ: láti kìlómítà 60 sí 80 ní wákàtí kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, bíréèkì alùpùpù nìkan ni ó sì máa pa gbogbo rẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ọn. Kí ẹ fún bíréèkì kí ẹ tó wọ kọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ gíà kalẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ìlú olókè bíi tiwa kò ní jẹ́ kí ẹ gbàgbé.

Táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù kéré, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣiṣẹ́ jù. Èyí tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 ń yí tó nǹkan bí ìgbà 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí eré bá jẹ́ kìlómítà 80, nígbà tí táyà alùpùpù tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 65 ń yí bí ìgbà 11. Gírísì inú bíárìn, ìyẹn irin àárín rímù tí ń jẹ́ kí táyà yí wẹ́rẹ́, ń gbóná, ó sì ń tán. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá dúró, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín rímù méjèèjì. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú; bí ọ̀kan bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, tí èkejì kò sì gbóná bẹ́ẹ̀, bíárìn yẹn ń ké gbàjarè. Bí ẹ bá ti wọ́ kẹ̀kẹ́ gba inú àgbàrá, omi lè ti wọlé. Ní ti táyà tòkunbọ̀ tí àwọn fọ́gànáísà ń tà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn tó wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ mú táyà ìrọ́pò dání, nítorí pé irú táyà kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sí ní gbogbo ìlú.

Iná kò gbà wá lọ́rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá so wáyà kẹ̀kẹ́ ẹrù tààrà mọ́ ti alùpùpù lè jó fíúsì kan, kí iná ẹ̀yìn méjèèjì sì kú lẹ́ẹ̀kan náà lóru. Kí iná kẹ̀kẹ́ ẹrù ní fíúsì tirẹ̀, kí ẹ sì lo gílóòbù LED tí kì í fa iná jù.

Èyí tí ó kù ni pé kí ọjọ́ ìrìn àjò má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fà á. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kò ní gíà ẹ̀yìn, ẹni tí ó bá sì fi iwájú alùpùpù kọjú sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ó páàkì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò ní láti tú ìkọ́ kí ó tó lè kúrò níbẹ̀, níṣojú gbogbo ọjà. Ẹ kọ́kọ́ gbé òfìfo rẹ̀ yí ìlú ká, ẹ gbé ìdajì ẹrù lọ sí Ọ̀dẹ́dá kí ẹ padà, kí ẹ tún gbogbo bóòtù ìkọ́ fún lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìrìn àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń dẹ̀.