Bí mo ṣe gbin morning glory títí tó fi bo fẹ́ǹsì mi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin òdòdó yìí kó tó yé mi. Nígbà àkọ́kọ́ ewé lásán ni mo rí, ewé tútù yọ̀yọ̀, ó gun fẹ́ǹsì dé òkè pátápátá, òdòdó kan ṣoṣo ò yọ. Ìgbà kejì ló tó fún mi ní ohun tí mò ń wá, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Hóró ẹ̀ ló kọ́kọ́ gba sùúrù. Ó dúdú, ó le bí òkúta, ó rí bíi pé wọ́n la ọsàn kékeré kan sí wẹ́wẹ́. Tẹ́ẹ bá kàn jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ò ní tètè ráyè wọ inú ẹ̀. Mo mú pépà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, mo fi ha ẹ̀yìn hóró kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe rí i pé èèpo dúdú yẹn ti ṣí tí funfun inú ẹ̀ ń yọjú báyìí, mo dúró níbẹ̀, torí tẹ́ẹ bá ha á wọnú jù ẹ ti ṣe hóró náà léṣe nìyẹn. Mo wá rẹ gbogbo ẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, àwọn tó mu omi ti wú dáadáa, àwọn tí ò wú mo tún wọn ha, mo dá wọn padà sómi. Ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí 24 sha, ó lè jẹrà.

Ibi tó máa dúró sí títí ni mo gbìn ín sí tààrà, torí gbòǹgbò ẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa hú òun kiri. Mo fi ìka gbẹ́ ihò tó tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, mo fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín wọn, níbi tí oòrùn ti ń pa fún ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹfà ewé méjì àkọ́kọ́ yọ, ewé náà là ní orí bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ta láti ilẹ̀ dé orí fẹ́ǹsì. Ẹ jọ̀ọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ o, torí ìtàkùn yìí ò ní ọwọ́ tó fi ń di nǹkan mú, ara ẹ̀ gan-an ló fi ń lọ́ mọ́ nǹkan, tí òpó bá ti nípọn jù kò ní lè gùn ún. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, orí ẹ̀ tó nà sókè ń yí kiri wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn, nígbà tí mo fi máa padà wá wò ó lọ́sàn-án ó ti kan okùn, ó ti lọ́ mọ́ ọn. Mo gbìyànjú láti yí ọ̀kan sí apá kejì, kò gbà, ó tú ara ẹ̀. Apá kan náà ni gbogbo wọn máa ń yí sí.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ wá ni olórí gbogbo ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ mo ti da ìgbẹ́ adìẹ sí i dáadáa, mo rò pé oore ni mò ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náítírójìn tó wà nínú ẹ̀ ló sọ gbogbo okun ìtàkùn náà di ewé. Lẹ́ẹ̀kejì mi ò fi nǹkan kan sí i. Ilẹ̀ tí ò lọ́ràá púpọ̀ tí omi ò sì dúró sí ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Omi pàápàá, ìgbà tó ṣì kéré ni mo bomi rin ín déédéé, nígbà tó dàgbà, mo máa ń ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ ná, tó bá gbẹ ni mo tó bu omi. Àwọn kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé kan kó sábẹ́ ewé ẹ̀, omi tí mo po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ni mo fi fọ̀ wọ́n dànù.

Ó lé díẹ̀ lóṣù méjì kí ìrudi àkọ́kọ́ tó yọ, ó lọ́ pọ̀ bí agbòjò tí wọ́n ká. Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ torí ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Heavenly Blue ni mo gbìn, elésè àlùkò tó fẹ́ jọ píǹkì ni ìrudi ẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń tú ara ẹ̀ ló ń di búlúù bí ojú ọ̀run, àárín ẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ ihò ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Omi inú òdòdó náà ló ń yí padà, kíkan ẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń ṣí, òun ló ń pa àwọ̀ ẹ̀ dà. Tó bá di ọ̀sán ó ti ká kò, ó tán nìyẹn, tòní ò lè di tọ̀la. Àwọn míì ló máa ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ fiyè sí hóró ẹ̀ tẹ́ẹ bá ní ọmọdé tàbí ajá nílé, májèlé wà nínú ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ọ̀dùnkún ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nǹkan jíjẹ rárá. Èso ẹ̀ tó bá ti gbẹ, mo máa ń já a kó tó bẹ́, torí tó bá dà sílẹ̀ ó máa hù níbi tẹ́ ò fẹ́, ó sì máa gun gbogbo nǹkan tó bá rí. Mo ti kó tọdún tó ń bọ̀ sínú àpò ìwé kan, mo gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó. Láàárọ̀ òní mo ka 43 lórí fẹ́ǹsì kí oòrùn tó mú.