Ìbéèrè àti ìdáhùn: máṣíìnì igbó fẹ́ wọ títì ní Abẹ́òkúta, owó ò sì pọ̀

Máṣíìnì igbó tọ́kunbọ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dirt bike, ti pọ̀ nílùú báyìí. Kò ní iná, kò ní díńgí, kò ní ibi tí wọ́n á kan nọ́ńbà mọ́, torí wọn ò ṣe é fún ojú títì. Àwa rìwáyà ni wọ́n máa ń tì í wá bá. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nìyí, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ra Honda CRF230F lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ọbáńtókò. Mo ti ń kó owó iná àti hóònù jọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Má tíì ra nǹkan kan, àbúrò. Ìwé ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Iná, hóònù àti díńgí kò wọ́n. Ìwé tí kò sí ni kò ṣeé rà lọ́jà.

Mú àkísà dání lọ síbẹ̀. Nu ẹrẹ̀ kúrò ní ọrùn máṣíìnì náà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú férémù. Nọ́ńbà ṣáásì wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ti ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ya fọ́tò méjèèjì, kí o wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé aṣọ́bodè àti rìsíìtì tí ẹni náà bá kó fún ọ. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, fi owó rẹ sápò. Bí ó bá sì jọ pé wọ́n ti fi fáìlì ha ibẹ̀, tàbí pé wọ́n tún un lù, kí ẹni náà tó parí àlàyé rẹ̀ ni kí o ti dé Àsérò. Máṣíìnì olè kì í di ti ẹni tó fi iná sí i lára.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nọ́ńbà ọkọ̀ kì í ṣe páànù lásán. Àwọn Road Safety, ìyẹn FRSC, ló ń ṣe é, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fi í fúnni, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ṣáásì yóò sì jọ wọ àkọsílẹ̀ kan náà tí wọ́n ń pè ní NVIS. Ohun tí kò bá bá ara mu yóò hàn níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà: ìwé Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ọ lè kọ ọ́ pé wọn ò ṣe máṣíìnì yìí fún títì. Mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n á gbà á, kí o tó sanwó fún ẹni tó ń tà á. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè.

Bí ìwé bá ti pé, kó owó ìforúkọsílẹ̀, ti ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, àti ti ìṣúra ọkọ̀ sọ́tọ̀. Láti oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ti sọ ìṣúra third party ti alùpùpù di 3,000 náírà, kò sì sí àwáwí fún ẹni tí kò ní in. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tìrẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ Class A, èyí tó wà fún alùpùpù. Ti mọ́tò tí o ní kò ka èyí.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, Yamaha YZ250F ni tèmi. Mo so iná iwájú mọ́ ọn, kò tàn rárá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé bátìrì ńlá sí i.

Kò lè tàn. Máṣíìnì ìdíje ni YZ. Kọ́ìlì inú mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n we láti mú iná wá, kò ní ju agbára tí pulọ́ọ̀gì nílò lọ. Wọn ò we kọ́ìlì iná sínú rẹ̀ rárá. Bí o bá gbé bátìrì sí i, nǹkan kan kò ní máa ṣaájì rẹ̀. Ìwọ ni yóò máa yọ ọ́ lálaalẹ́ lọ fi ṣaájì nílé, o sì mọ bí iná NEPA wa ṣe rí.

A lè tún kọ́ìlì náà we, tàbí kí o ra èyí tó ní iná láti òkè òkun. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, owó rẹ̀ ni kò bá èrò rẹ mu. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì náà tún wà níbẹ̀: wákàtí ni àwọn tó ṣe irú rẹ̀ fi ń ka ìgbà tí wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì, tí wọ́n á wo fáàfù, tí wọ́n á pààrọ̀ pístìn. Kì í ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà bíi ti ọ̀kadà. Ẹni tó bá ń fi í lọ Ṣàgámù lọ́ṣọọ̀ṣẹ̀ yóò sọ mẹkáníìkì di ará ilé.

Èrò tèmi ni pé kí o tà á fún ẹni tó ń sá eré ìje, kí o fi owó náà wá èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn, tó sì ń mú iná wá: Honda XR, Yamaha DT, tàbí TT-R tí a bá lè tọ́jú. CRF230F ní bátìrì torí sítáátà, ṣùgbọ́n agbára tó ń dá padà fún bátìrì náà kéré, nítorí náà LED nìkan ni kí o fi sí i. Bí o bá rí Yamaha WR250F, ìyẹn ti ní iná iwájú láti ilé iṣẹ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ìdíje ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Iná tèmi ń tàn, àmọ́ bí mo bá ti fún un ní tọ́tù gidi láti Lafẹ́nwá, gílóòbù á jó. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ títí, ó ti sú mi.

Má pààrọ̀ gílóòbù mọ́. Iná tó ń jáde nínú kọ́ìlì ń pọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára sí i, kò sì sí ohun tó ń dá a dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní jẹ́jẹ́, iná á pọ́n, kò ní mọ́lẹ̀ tó. Bí ó bá sáré, fóòtì á fò kọjá 12 tí gílóòbù lè gbà.

Rẹ́kítífáyà (ohun tó ń sọ iná kọ́ìlì di irú tí bátìrì lè gbà) tó ní rẹ́gúlétọ̀ (èyí tí kì í jẹ́ kí fóòtì pọ̀ jù) nínú ni oògùn rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì ọ̀kadà kékeré. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná ìnákúnàá, nítorí rẹ́kítífáyà ọ̀kadà kò rí bákan náà. Èyí tó rọrùn jù lọ́jà, irú ti Honda CG125 àtijọ́, ìdajì iná kọ́ìlì nìkan ló ń lò. Fún máṣíìnì tí agbára rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, ìdajì kò tó. Sọ fún ẹni tó ń ta páàtì pé èyí tó ní wáyà yẹ́lò méjì ni o fẹ́, kí àwọn yẹ́lò náà má kan gíráǹdì, ìyẹn irin ara máṣíìnì.

Lẹ́yìn náà, a óò ṣí ìdérí mágínẹ́ẹ̀tì. Orí wáyà kọ́ìlì iná kan jáde síta. Èkejì, wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kọ́ìlì. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin yẹn ni a óò tú, a óò lẹ wáyà tuntun mọ́ ọn, a óò fi rọ́bà tí ooru kò lè yọ́ bò ó, a óò sì mú un jáde. Méjèèjì á wá wọ yẹ́lò méjì. Pupa yóò gba inú fíúsì lọ sí bátìrì, èyí tó kù yóò lọ sí gíráǹdì. Kọ́ìlì tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná wà nítòsí ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn kó má ṣe fi irin ìjólẹ́ẹ̀dì kàn án, torí ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí a bá so ó tán, gbé mítà lé orí bátìrì, kí o fún un ní tọ́tù díẹ̀. Bí ó bá wà láàárín 13.8 sí 14.5, ó ti dáa. Bí ó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ náà kò ṣiṣẹ́, yóò sì se bátìrì. Bí kò bá kọjá 12.5, ẹrù ti pọ̀ jù fún kọ́ìlì.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹrù: gílóòbù iwájú ọ̀kadà lásán ń jẹ wáàtì 35. Ti bíréèkì ń jẹ 21, tíráfíkétọ̀ méjì tó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà ń jẹ 20. Ròó pọ̀, kí o rántí pé púpọ̀ nínú máṣíìnì igbó kékeré kò lè mú wáàtì 50 wá. LED nìkan ló yanjú rẹ̀. Àmọ́ má ṣe ra LED tó ń tàn bí iná pápá bọ́ọ̀lù, èyí tí àwọn ọmọ kan ń fi sí ọ̀kadà. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú kò ní rí ọ̀nà, ìwọ náà sì wà lójú ọ̀nà yẹn.

Mo fi tíráfíkétọ̀ LED sí i. Ó ń ṣẹ́jú kíákíá bí ẹni pé orí ń ta á.

Fláṣà ni, ohun tó ń mú kí tíráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú. Ti àtijọ́ ń dúró de kí gílóòbù jẹ iná tó pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. LED kò jẹ nǹkan kan, fláṣà á rò pé gílóòbù kan ti kú. Ra fláṣà ti LED, kò wọ́n.

Èmi tẹ ti ọ̀tún, ti òsì náà ń bá a ṣẹ́jú. Rìwáyà kan ní súwíìsì ló bàjẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀, kò yí padà.

Ó dá mi lójú pé iná kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ tó ń sọ fún ọ pé tíráfíkétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀tún àti òsì. Wọ́n so orí rẹ̀ kan mọ́ ọ̀tún, èkejì mọ́ òsì. Nígbà ayé gílóòbù, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kéré jù láti tan òdìkejì. LED kò nílò ju ìwọ̀nba náà lọ, ó ń tàn.

Yọ iná kékeré náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tò, a ti rí ọ̀bàyéjẹ́. Láti dá a padà, fi dáyóòdù 1N4001 méjì (páàtì kékeré tí iná ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá nínú rẹ̀): ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, kí ìlà funfun ara wọn kọjú sí iná kékeré náà, kí orí rẹ̀ kejì lọ sí gíráǹdì. Owó dáyóòdù méjèèjì kò tó owó ẹ̀kọ àti àkàrà. Súwíìsì àkọ́kọ́ rẹ, bí o kò bá tíì jù ú nù, tọ́jú rẹ̀.

Iná bíréèkì kò sí rárá. Níbo ni súwíìsì rẹ̀ máa wà?

Ti ẹsẹ̀ rọrùn. Súwíìsì ọ̀kadà tó ní sípíríǹgì ni. Wẹ́dà á jó irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ férémù, a óò fi sípíríǹgì kọ́ ẹsẹ̀ bíréèkì. Bí wẹ́dà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yọ orí bátìrì, kí o sì yọ CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná pulọ́ọ̀gì. Bí o kò bá yọ ọ́, o lè ra òmíràn.

Ti ọwọ́ ni ó le díẹ̀ bí ó bá jẹ́ bíréèkì olómi. Bóòtù kan wà tó ní súwíìsì nínú, a óò fi í rọ́pò èyí tó di ọ́ọ̀sì mú. Mílímítà 10 ni, ṣùgbọ́n ìdé rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín eyín rẹ̀, oríṣi méjì ni: 1.25 ló wọ́pọ̀ lára ti Jàpáánù, 1.0 lára bíréèkì Brembo tí KTM ń lò. Bí o bá fipá dé èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, wàá ba ẹnu másítà sìlíńdà jẹ́. Fi ọwọ́ lásán dé e lákọ̀ọ́kọ́; tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, dá a padà fún ẹni tó tà á. Lẹ́yìn náà ẹ tú afẹ́fẹ́ inú bíréèkì jáde dáadáa. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun máṣíìnì jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láìṣe èyí, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú kò mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bíréèkì ṣe.

Táyà ńkọ́? Ẹnìkan ní eléyín-ńlá yẹn kò léwu.

Ẹni náà kò tíì gùn ún sọ̀kalẹ̀ láti Sápọ́n nínú òjò. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ: bí wọ́n bá kọ "NHS" tàbí "not for highway service" sí i, wọn ò ṣe é fún títì. Eyín díẹ̀ ló ń fara kan ọ̀dà, á máa yọ̀, á sì jẹ tán kíákíá. Ẹ̀yìn tó jẹ́ ínṣì 18 rọrùn, nítorí táyà ọ̀kadà 18 wà káàkiri. Rí i pé fífẹ̀ rẹ̀ bá rímù mu. Àwọn ti ìdíje máa ń lo 19 lẹ́yìn, ìyẹn sì jẹ́ ìdí mìíràn láti tà wọ́n. Ti iwájú, 21, ni wàá wá kiri. Má fi tọ́kunbọ̀ tó ti gbó dí i.

Afẹ́fẹ́ náà: inú ẹrẹ̀ ni 12 sí 15 psi wà fún. Lójú títì, iye tí wọ́n kọ sára táyà ni òpin tí o kò gbọ́dọ̀ kọjá; bèèrè iye tó bá táyà àti máṣíìnì rẹ mu lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Kí ni mo lè fi tọ́kunbọ̀ ṣe, kí ni kí n ra ní tuntun?

Hóònù, díńgí méjì, àpótí nọ́ńbà àti súwíìsì ọwọ́ òsì: ti ọ̀kadà ni kí o lò, ìbáà jẹ́ tọ́kunbọ̀. Páàtì ọ̀kadà kún ọjà láti Nnewi títí dé ibi gbogbo, kò sì sídìí tí wàá fi ra àkójọ òkè òkun tí wọ́n kó sínú páálí dáradára. Wáyà, fíúsì àti bátìrì, tuntun. Àkoto náà, tuntun, kí o sì náwó sí i. Nígbà tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà dé àkoto ní January 2009, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àkoto olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi há èrò lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá náà lọ.

Sáléńsà rẹ̀ ń pariwo gan-an, àwọn aládùúgbò ní Ìbarà ti ń bínú.

Wọ́n jàre. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òwú inú sáléńsà ló ti jó tán. Ṣí i, kí o tún un dì. Bí ó bá jẹ́ ti ìdíje tó ṣófo, wá sáléńsà àkọ́kọ́ rẹ̀, tàbí kí wẹ́dà fi páìpù oníhò há ẹnu rẹ̀. Agbára á dín díẹ̀. Nínú ìlú, o ò ní mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ̀gbọ́n: ṣé mo lè fi í gbé èrò láti rí owó rẹ̀ kó padà?

Rárá o. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi ìfẹsẹ̀lé fún ẹni kejì, ìjókòó rẹ̀ ga, wọn ò sì ṣe ẹ̀yìn férémù fún ìwúwo yẹn. Ìwé tí o gbà fún ara rẹ kò sì tó fún iṣẹ́ èrò. Ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ìṣúra rẹ̀ náà yàtọ̀. Bí owó èrò ni o ń wá, ra Boxer.