Kéèkì mẹ́ta ló jóná kí n tó mọ ohun tó ń ṣe oven mi

₦25,500 ni mo ná sórí oven yìí kí n tó fọwọ́ ara mi tú u, kò sì sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ tó tún nǹkan kan ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣì ń dùn mí.

Oven oníná ni, tòkunbọ̀, irú èyí tó ń dá dúró nílẹ̀. Mo rà á lọ́dún 2021 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta kéèkì nínú ilé wa ní Ìgàndò. Kò yọ mí lẹ́nu rí, àfi ìgbà tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sun òkè kéèkì dúdú bí èédú, tí inú rẹ̀ á sì rí bí ògì. Ara mi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo dín ṣúgà kù, mo pààrọ̀ bọ́tà. Kò pẹ́ ló tún mú àrà mìíràn dé: á gbóná, á gbóná, á wá kú fúnra rẹ̀ lójijì, kò sì ní tàn mọ́ àfi bó bá tutù. Kéèkì ọjọ́ ìbí oníbàárà kan, alájà méjì, bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo dá owó onítọ̀hún padà, mo tún fi ike ṣinṣín kan bẹ̀ ẹ́.

Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń tún fìríìjì ṣe ládùúgbò. Ó tú ẹ̀yìn oven, ó wo inú rẹ̀ gààràgà, ó ní, "Mọ́mì, element yín ló bàjẹ́, òun ló ń gbóná jù." Èmi náà sì gbà! Element, irin tó ń mú oven gbóná, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Kó ṣáà máa gbóná niṣẹ́ tiẹ̀. Thermostat ló ń sọ fún un pé ó tó. Element tó bá já kì í tiẹ̀ gbóná rárá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ìyẹn fún mi nígbà yẹn? Element ₦18,500, iṣẹ́ ọwọ́ ₦7,000. Ó gbé element àtijọ́ dání lọ, ó ní òun á bá mi dà á nù.

Lóòótọ́, oven ò kú fúnra rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn fún bíi wákàtí kan. Kéèkì tí mo kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀ jóná dé ìdí, pépà abẹ́ rẹ̀ di eérú, àwọn bọ́tìnnì iwájú oven sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Mo pe ọmọkùnrin náà. Ó ní NEPA ló gbé iná tó pọ̀ jù wá. Iná tó pọ̀ jù! Lọ́jọ́ tí fáànù ilé wa ń yí bí ẹni tó ń tòògbé.

Mo bá lọ ra temómítà tí wọ́n ń gbé sínú oven, ₦4,500. Ká ní òun ni mo kọ́kọ́ rà ni. Mo yí oven sí 180, mo gbé àga sí iwájú gíláàsì rẹ̀, mo jókòó. Ó dé 180, ó kọjá. 220. 260. Nígbà tó dé 280, mo pa á. Iná pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kò sì kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá dé ibi tí a yí i sí, ó yẹ kí iná yẹn kú. Bó bá tutù díẹ̀, kó tún tàn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo oven yìí, mi ò fojú sí i rí.

Bí mo ṣe fà á kúrò lára ògiri, tí mo yọ súkúrù ẹ̀yìn, ìyẹn ò gba àlàyé. Ẹ ṣáà yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má kàn pa á lójú bọ́tìnnì. Ohun tí mo bá lẹ́yìn ibẹ̀ ló mú mi káwọ́ lérí: wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kiní róbótó kan tí kò ju owó ẹyọ lọ ń fì dirodiro, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Kiní yẹn ló ń pa oven bí ooru bá ti kọjá ààlà. Òun ló ń pa á tẹ́lẹ̀ tí mo fi ń pariwo. Ọmọkùnrin yìí gé e kúrò lọ́nà kí oven má baà kú mọ́, ó sì gba ₦7,000 lórí ẹ̀. Ilé mi ni ì bá jó.

Mo ya fọ́tò àwọn wáyà ara thermostat kí n tó yọ ọ́. Ẹ̀yìn bọ́tìnnì ló wà, ó ní okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó gùn dé inú oven, orí okùn náà sì nípọn bíi bírò. Epo wà nínú rẹ̀. Bí epo náà bá gbóná, á fẹ̀, á ti irin inú thermostat kí iná má lè kọjá mọ́. Mo gbé omi kaná. Mo yí thermostat sí 70, mo fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò, tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi, sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń ké píí, ìyẹn ni pé iná lè kọjá. Mo ri orí okùn bọ omi híhó. Ó yẹ kó dún "kà" kí mítà sì dákẹ́. Píí ni títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìgbà tí mo fọwọ́ tọ okùn náà lọ ni mo rí i pé ó ti ṣẹ́ níbi tó tẹ̀, ibẹ̀ sì ń yọ̀. Epo rẹ̀ ti jò tán. Èmi tí mi ò kàwé iná! Mo jó yí ilé ìdáná ká.

Ọjà Alábà ló wá gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ mi.

Fọ́tò ni mo gbé lọ, mo fi thermostat àtijọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Láti Ìgàndò sí Ìyànà-Ìbà, mo tún wọ ọkọ̀ mìíràn dé Alábà. Ẹni tó ń tajà wo fọ́tò fìrí, ó ní, "Màdáámú, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀." ₦12,000. Mo délé, bọ́tìnnì ò jókòó. Irin tí bọ́tìnnì ń wọ̀ kì í ṣe róbótó tán, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹrẹsẹ. Bí tèmi bá wà ní òdo, ojú pẹrẹsẹ yẹn á kọjú sókè. Ti èyí tí mo rà kọjú sílẹ̀. Bí mo bá ki bọ́tìnnì bọ̀ ọ́, òdo á bọ́ sí ibi tó yẹ kí 150 wà. Ọkọ mi ní kí n fi máákà kọ nọ́ńbà tuntun sí i. Mi ò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo padà lọ, mo gbé ti àtijọ́ dání lọ́tẹ̀ yìí. Òǹtajà ní òun kì í gba ọjà padà. Mo ní mi ò tíì so wáyà kankan mọ́ ọn, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Ó gbé òmíràn wá: ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n okùn bàbà rẹ̀ kúrú, kò lè dé inú oven láéláé. Ó ní kí n fà á, á nà. Ká fa bàbà! Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì na ọwọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ti àtijọ́ yẹn wá." Ó wọ awò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè: 50 sí 300 fún ooru, 16A, 250V fún iná. Ó mú ọ̀kan wá nínú ọjà tiẹ̀, ó na okùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yí méjèèjì sí òdo, ó kọjú wọn sí mi kí n fojú ara mi rí i. ₦14,000. Kiní róbótó yẹn, ₦3,000. Òǹtajà àkọ́kọ́ dá ₦9,000 padà, ó ń kùn.

Títò ó padà ò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mi ò jẹ́ kí okùn bàbà ṣẹ́po níbì kankan, mo sì ki orí rẹ̀ sínú irin kékeré tó ń dì í mú kó má fara kan ògiri oven. Mo yí i sí 180, mo tún gbé àga mi síwájú gíláàsì. Ó gòkè dé bíi 195, iná pupa kú. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 170, iná tàn. Mo pariwo pe gbogbo ilé wá wò ó. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Mọ́mì, ṣé NEPA ti mú un ni?"

₦50,000 ló bá a lọ, mi ò tíì ka owó ọkọ̀. Ohun tó ń ṣe é gan-an, ₦14,000. Ní ti element mi tí ọmọkùnrin yẹn gbé lọ, tí kò bàjẹ́ rárá, mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ránṣẹ́ sí i pé kó gbé e padà wá. Ó ti kà wọ́n. Kò tíì fèsì.