Bẹ́ẹ ṣe lè mọ irú èèyàn tó ń gbé abúlé kékeré kan l'Amẹ́ríkà

Tí ọmọ tàbí àbúrò wa bá ríṣẹ́ sí abúlé kan l'Amẹ́ríkà, nǹkan tá a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni ká sáré tẹ orúkọ ibẹ̀ sórí fóònù ká wo àwọn wo ló ń gbébẹ̀, ohun tó sì máa jáde ò ju ìlà kan lọ, pé òyìnbó jẹ́ pásẹ́ńtì báyìí, èèyàn dúdú jẹ́ báyìí, ó parí. Ìlà yẹn kéré o. Nílùú ńlá ó lè tó, àmọ́ ní abúlé tí èèyàn ibẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún kan, ìdílé márùn-ún péré tó bá kó wọlé ti yí pásẹ́ńtì padà, torí náà ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí nọ́ńbà yẹn ti wá gan-an, ká kà á fúnra wa.

Ẹ lọ sí data.census.gov, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni Census Bureau ń kó nọ́ńbà ìkànìyàn sí, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń kà láti 1790, ti 2020 ló dé kẹ́yìn. Kẹ́ẹ tó ṣí tébù kankan, ẹ rí i dájú pé abúlé tẹ́ẹ ń wá gan-an lẹ mú. "Village" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́dọ̀ wọn, ní ìpínlẹ̀ bíi New York, Ohio, Illinois àti Wisconsin, ìjọba kékeré tó dá dúró lábẹ́ òfin ni. Ní New York inú town ni village wà, wọ́n sì lè jọ máa jẹ́ orúkọ kan náà, ẹni tó ń gbé village yẹn, wọ́n tún kà á mọ́ town, àmọ́ ní Wisconsin ọ̀tọ̀ ni town, ọ̀tọ̀ ni village. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé orúkọ ibẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ CDP lẹ rí, ibẹ̀ ò ní ìjọba tiẹ̀ nìyẹn, àwọn tó ń kànìyàn ló kàn fa ààlà yí i ká. Ibòmíì ò tiẹ̀ ní tébù tiẹ̀ rárá, bí Ọ̀yọ́túnjí tí Ọba Adéfúnmi dá sílẹ̀ ní South Carolina lọ́dún 1970, Beaufort County ni wọ́n ka àwọn ará ibẹ̀ mọ́, ó sì wù mí gan-an kí n rí nọ́ńbà tiwọn lọ́tọ̀.

Ó yá, ẹ ṣí tébù P1 àti P2 ti 2020, inú Redistricting Data ni wọ́n wà. P1 ló ń sọ ìran: White, Black or African American, American Indian or Alaska Native, Asian, Native Hawaiian or Other Pacific Islander, Some Other Race, àti àwọn tó mú ju ẹyọ kan lọ, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láyè ní 2000. Ẹ ò ní rí Hispanic níbẹ̀, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spanish, torí ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni lórí fọ́ọ̀mù, èèyàn lè jẹ́ Hispanic kó tún jẹ́ White tàbí Black tàbí èyí tó bá wù ú. Ká ní abúlé kan ní 400 èèyàn, P1 ní 340 jẹ́ White, 10 jẹ́ Black, 30 jẹ́ Some Other Race, 20 mú ju ẹyọ kan lọ, ó ti pé. Ẹ wá rí i níbòmíì pé Hispanic jẹ́ 50, tẹ́ẹ bá rò ó mọ́ ọn ó di 450, ẹ ti ka àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. P2 ló ń yanjú ẹ̀, ó máa kọ́kọ́ yọ 50 yẹn sọ́tọ̀ kó tó pín 350 tó kù sí ìran-ìran, òun lèmi máa ń kọ́kọ́ ṣí. Èèyàn dúdú 10 yẹn sì rèé, pásẹ́ńtì 2.5 ni lórí ìwé, ó lè má ju ilé méjì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo P5. Òun ló ń sọ iye àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì, bárékè sójà àti ilé ìtọ́jú arúgbó. Ibi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ni wọ́n ń ka ẹlẹ́wọ̀n sí, kì í ṣe ilé tó ti wá, torí náà abúlé kan lè dà bíi pé èèyàn dúdú pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, kẹ́ẹ débẹ̀ kẹ́ẹ má rí ẹyọ ẹnì kan lójú títì, ẹ̀yìn ògiri ni gbogbo wọn wà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọ́n kà wọ́n síbi tí wọn ò yàn, ìdílé tó sì ń wá ibi tó máa gbé máa rò pé òun máa rí ará.

Inú àpótí kọ̀ọ̀kan náà tún gba ẹnu sọ. Fọ́ọ̀mù 2020 kọ Nigerian sábẹ́ Black gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ìyẹn ni pé ẹni tó dé lánàá àti ẹni tí àwọn baba ńlá ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ayé ẹrú, àpótí kan náà ni wọ́n wà. Àwọn Lárúbáwá wà lábẹ́ White. Ìjọba ti yí ìyẹn padà ní March 2024, wọ́n fún àwọn ará Middle East àti North Africa ní àpótí tiwọn, wọ́n sì da ìbéèrè ìran àti ti Hispanic pọ̀ di ọ̀kan, àmọ́ nọ́ńbà 2020 tẹ́ẹ ń wò ò mọ̀ nípa ẹ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn òyìnbó abúlé kan ti wá, tébù B04006 ni kẹ́ẹ wá nínú American Community Survey, ìwádìí tí Census Bureau máa ń ṣe lọ́dọọdún, èyí tó kó ìdáhùn ọdún márùn-ún pọ̀ ni kẹ́ẹ mú. New Glarus ní Wisconsin, àwọn ará Switzerland tó ṣí wá láti Glarus ló tẹ ibẹ̀ dó ní 1845, P1 ò lè sọ ìyẹn fún yín láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Margin of Error sí, ìyẹn iye tí nọ́ńbà yẹn lè fi lé sí i tàbí kó fi dín. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn, kì í ṣe gbogbo ilé, tí wọ́n bá kọ 12 tí Margin of Error ẹ̀ sì jẹ́ 14, ẹ pa á tì.

Ti 2020 fúnra ẹ̀ náà, wọ́n dìídì da nọ́ńbà àwọn ibi kéékèèké rú díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi dá aládùúgbò ẹ̀ mọ̀, àpapọ̀ iye èèyàn ìpínlẹ̀ ni wọn ò fọwọ́ kàn. Tẹ́ẹ bá rí èèyàn Asian 3, ẹ má wulẹ̀ máa wá àwọn mẹ́ta náà kiri. Ẹ sì ṣọ́ra tẹ́ẹ bá fẹ́ fi 2010 wé 2020, torí àwọn tó mú ju ìran kan lọ fò láti mílíọ̀nù 9 sí mílíọ̀nù 33.8 ní gbogbo Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe tún ìbéèrè àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka ìdáhùn ṣe wà lára ohun tó fà á, kì í ṣe èèyàn tuntun nìkan.

Ohun tó jẹ́ kí abúlé náà rí bó ṣe rí, nọ́ńbà ò ní sọ ìyẹn. Robbins ní Illinois, ẹ̀gbẹ́ Chicago, ẹ máa rí i pé èèyàn dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ tébù ò ní sọ fún yín pé àwọn fúnra wọn ló gbé ìjọba abúlé yẹn kalẹ̀ ní 1917. Irú èyí, ìwé ìkànìyàn àtijọ́ ni kẹ́ẹ lọ ṣí, ọdún 72 ni wọ́n fi ń tì í pa, ti 1950 ti jáde ní April 2022, ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti ilé dé ilé, orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí wọ́n bí oníkálukú sí. Ti 1960 di 2032.