Àmì Etí, Ìwé Àkọsílẹ̀ àti Ọwọ́ Olè: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tí Wọ́n Ń Sin Ewúrẹ́ àti Àgùntàn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nílé, ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá ẹran rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò yóò gé e létí tàbí kí ó so àkísà mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ń sìn kí inú àwọn ọmọ lè máa dùn wà lábẹ́ òfin kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún àgùntàn àgbẹ̀ ńlá. A kọ ìwé yìí fún àwọn ará wa níbẹ̀ tí wọ́n ti yá ilẹ̀ kékeré sí ẹ̀yìn ìlú láti fi sin ẹran, tàbí tí wọ́n ń gbèrò bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ni òfin kọ́kọ́ ń bèèrè. Kí ẹran tó dé, ẹ gba nọ́ńbà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CPH lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Rural Payments Agency. Bí ẹran bá ti dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 lọ́dọ̀ APHA, àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó ìlera ẹran, kí wọ́n lè fún yín ní nọ́ńbà agbo. Nọ́ńbà yìí ni a óò tẹ̀ sára àmì etí tí ẹ óò rà.

Ọmọ ẹran tí ó ń sùn nínú ilé lóru gbọ́dọ̀ ní àmì kí ó tó pé oṣù 6, èyí tí ó ń sùn níta kí ó tó pé oṣù 9. Ṣùgbọ́n bí yóò bá kúrò lórí ilẹ̀ yín ṣáájú ìgbà náà, kò gbọdọ̀ jáde láìní àmì létí. Àmì kan tó fún èyí tí a óò pa kí ó tó pé ọdún kan. Èyí tí yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba méjì, àgùntàn sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan tí ẹ̀rọ lè kà nínú wọn. Bí àmì bá já, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tí ẹ ti rí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí olè ni gbogbo èyí. Nítorí àrùn ni. Ní oṣù kejì ọdún 2001, nígbà tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀, a ti tà àwọn àgùntàn tí ó ti kó o ní ọjà Hexham àti Longtown, wọ́n sì ti tàn káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó fura; kò sí nọ́ńbà lára àgùntàn kọ̀ọ̀kan tí a lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ẹran tí a sì pa kí àrùn náà tó tán ju mílíọ̀nù 6 lọ. Nítorí náà, ibi tí ẹran ti kọjá ni òfin fẹ́ mọ̀, ẹni tí ẹran sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé ìjọba ń dárúkọ, èyí tí ó lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ín.

Ìrìn ẹran ni ẹrù òfin yìí ti wúwo jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ òbúkọ tí ẹ fẹ́ yá kí ó wá gun ewúrẹ́ yín. Nílé, okùn ni a óò fi fà á wá. Níbẹ̀, ìwé gbọ́dọ̀ bá a rìn, kí a fi ìrìn náà tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 3, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín láàárín wákàtí 36. Láti ìgbà tí ó dé, ewúrẹ́, àgùntàn tàbí màlúù kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ yín fún ọjọ́ 6, àfi èyí tí ń lọ tààrà sí ilé ìpẹran. Nígbà tí òbúkọ bá ń padà sílé, olówó rẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí lákọ̀tun. Àgbẹ̀ ńlá ní ẹ̀rọ àti akọ̀wé tí yóò ṣe é fún un. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta ni yóò fi alẹ́ rẹ̀ ṣe é. Ní tiwa, òfin náà kò wo bí agbo ti tóbi tó, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ìwé yìí ṣe yín láǹfààní nígbà náà. Ọ̀bẹ olè lè gé àmì etí dànù ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ẹ ya fọ́tò ẹran kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ìwo àti àwọ̀ rẹ̀ hàn, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Bí ẹran bá sọnù, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101 lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá bá olè lọ́wọ́, 999 ni kí ẹ pè. Bí ọdún Iléyá bá sì sún mọ́, tí ẹnìkan gbé àgbò olówó pọ́ọ́kú wá tí etí rẹ̀ ya, tí kò sì ní ìwé, ẹ má rà á: lábẹ́ òfin olè jíjà ti ọdún 1968, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni ó pọ̀ jù fún ẹni tí ó jalè, ọdún 14 sì ni fún ẹni tí ó gba ẹrù olè nígbà tí ó mọ̀ pé olè ni.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ẹ ka gbogbo ẹran yín, kí ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn fọ́tò náà wé ẹran tí ó wà nílẹ̀.