Bí oògùn olóró bá di bárakú fún ọmọ yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní England, tí mo padà sí Arówómọlé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará ilé wa tó wà ní England máa ń torí ẹ̀ pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí igbó nínú báàgì ọmọ mi. Ṣé kí n dá a padà sílé ní Nàìjíríà ni?"

Ẹ sinmi ná. Ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú èèyàn tó lé ní 250 sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe kan ní Òjóò, n'Ìbàdàn. Irú ibẹ̀ lọmọ tí ẹ bá dá padà lè bọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nítòsí yín lọ́hùn-ún.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń náwó sí ibi ìrànwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo oògùn olóró níbẹ̀, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, tàbí ilé-ìwé. GP kò nílò físà yín kó tó forúkọ yín sílẹ̀. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ pe FRANK, ìyẹn ìlà tẹlifóònù fún ìmọ̀ràn lórí oògùn olóró, ní 0300 123 6600, kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ. Adfam, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran ìdílé àwọn tó ń lo oògùn olóró lọ́wọ́, sì wà fún àwa òbí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó dáa? Ìyá kan pè mí láti Leeds pẹ̀lú ẹkún: "Wọ́n ní kí n bọ́ síta, wọ́n ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀!" Nílé-ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ níbí ní 1907, ìyá ló máa ń bá ọmọ dá dókítà lóhùn. Lọ́hùn-ún, òfin gbà pé ọmọ ọdún 16 lè dá gba ìtọ́jú. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ náà, bó bá lóye ọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n lè bá a pa àṣírí mọ́, àfi bí ewu bá wà. Èmi náà kì bá tí fẹ́ràn ẹ̀ nígbà tí mò ń tọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ló máa dé etí Dádì, "mi ò mu ún" nìkan lẹ máa gbọ́.

Ibi tó yẹ kó kọ yín lóminú ni èyí tó bá gbàgbé yín síta. Ẹ bi wọ́n: ta ló wà fún àwa ará ilé? Ṣé òṣìṣẹ́ kan náà ni ọmọ máa ń rí? Bí kò bá wá lọ́jọ́ tí ẹ dá, ṣé ẹ máa wá a? Bó bá pé ọdún 18 ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n béèrè oorun rẹ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀, àbí igbó nìkan. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara, ẹ béèrè ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó ń túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹ mọ ibi tó máa fò.

Níbi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn tàbí tí èèyàn ti ń sùn gba ìtọ́jú, CQC, àjọ tó ń ṣàbójútó ibi ìtọ́jú ìlera ní England, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó wá kóun fi ọjọ́ mélòó kan wo ọmọ sàn, ẹ sá fún un.

Ìyá Leeds tún pè. "Wọ́n ní kí èmi nìkan wá ní Ọjọ́bọ̀. Kí ni kí n sọ?" Mo ní kó kọ ohun tó ti rí sílẹ̀: ọjọ́ tí ọmọ kò lọ sílé-ìwé, owó tó sọnù, òru tí kò sùn. Kó má sì mú pásítọ̀ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.