Bí mo ṣe gba ọjọ́ Sátidé mi padà
Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìrìn àjò ìwádìí kan tí mo lọ, ògiri láàbù nìkan ni mo rí. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Irọ́ ni o, ìdúró ló pọ̀. E. coli, bakitéríà tí mo ń lò, máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ní 37°C. Àárọ̀ ni mo ń gbìn ín, màá wá máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ìyá ìkókó.

Mo wá sọ ọ́ di ìrọ̀lẹ́, kó máa dàgbà nígbà tí mo bá ń sùn. Láàárọ̀ Sátidé, mo kó àwọn àwo tí mo gbìn ín sí sínú fíríìjì ní 4°C, mo gun òkè lọ. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ṣì wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.